Bẹ́ẹ ṣe máa tún GRE kọ kí máàkì yín gòkè lóòótọ́

Ohun tí mò ń rí lemọ́lemọ́ nìyí: èèyàn á kọ GRE, ìdánwò táwọn yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe máásítà tàbí PhD, máàkì ò ní dáa tó bó ṣe fẹ́, á banú jẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, á ra ìwé tuntun méjì mẹ́ta, á wọ gúrúùpù Telegram, á kàwé mọ́jú, á padà lọ kọ ọ́, máàkì kejì á sì jáde bákan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, bó bá pọ̀ jù kó fi méjì lé. Owó dọ́là ti lọ, ọjọ́ tí ilé ìwé máa ti fọ́ọ̀mù sì ti sún mọ́lé. Orí ẹni yẹn pé o, ó kàn tún ìwé kà bó ṣe kà á tẹ́lẹ̀ ni, ó wá fi wákàtí kún un. Ẹni tó bá fẹ́ tún GRE kọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ibi tí máàkì ẹ̀ ti ń jò kó dí i, orí ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí dá lé.

Mò ń bá ẹni tó fẹ́ lọ ṣe máásítà tàbí PhD ní Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀, tó ń gbé Nàìjíríà, bóyá ó ń ṣiṣẹ́, bóyá àgùnbánirọ̀ ni, tí kò ráyè jókòó ti ìwé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ẹ kó àwọn nǹkan yìí jọ ná

- Máàkì yín ti àkọ́kọ́: Verbal (gẹ̀ẹ́sì), Quant (ìṣirò) àti Writing (àròkọ), lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.
- Àkáǹtì ETS, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe GRE, tẹ́ẹ fi kọ ti àkọ́kọ́. Ẹ má ṣí òmíràn o, torí tí orúkọ bá yàtọ̀ díẹ̀ báyìí, máàkì yín méjèèjì lè má pàdé níbì kan.
- Pásípọ́ọ̀tù tí ọjọ́ ẹ̀ ò ní tán kí ọjọ́ ìdánwò tó pé.
- Káàdì tó lè san dọ́là. $220 ni GRE ní ibi tó pọ̀ lágbàáyé, ṣùgbọ́n iye tí àkáǹtì yín bá gbé jáde fún Nàìjíríà ni kẹ́ẹ múra sí. Káàdì àkáǹtì dọ́là ti báńkì ló dáa jù, káàdì náírà lè kọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ẹ nílò ẹ̀ jù.
- Kọ̀ǹpútà. Ẹ má fi fóònù dánra wò, orí kọ̀ǹpútà lẹ máa kọ ọ́.
- POWERPREP Online, ìdánwò ìdánrawò ti ETS lórí kọ̀ǹpútà, méjì ló wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú àkáǹtì yín.
- Ìwé ìdánrawò kan tí ETS fúnra wọn tẹ̀. Ìbéèrè táwọn ilé iṣẹ́ míì ń ṣe máa ń jọ ọ́ lójú, àmọ́ ti Verbal ní pàtàkì, ọgbọ́n inú ẹ̀ yàtọ̀.
- Ìwé akọsílẹ̀ kan tó nípọn, ìwé àṣìṣe nìyẹn.
- Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wákàtí kan àbọ̀ lójúmọ́, pẹ̀lú wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé.

Tó bá jẹ́ owó ló ń dí yín lọ́wọ́, ẹ kàn sí EducationUSA, ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn, ní Èkó tàbí Àbújá, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Opportunity Funds tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé àmọ́ tí ò lówó lọ́wọ́ lórí irú ìnáwó báyìí. Ó ní ìgbà tí wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù ẹ̀, nítorí náà ẹ tètè béèrè.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wádìí bóyá ó tiẹ̀ yẹ kẹ́ẹ tún un kọ

Ẹ lọ ka ojú ìwé ìgbaniwọlé ti ẹ̀ka tẹ́ẹ fẹ́ gan-an, ẹ má dúró sórí ti yunifásítì lápapọ̀. Láti 2020 tí Kòrónà ti dé, ẹ̀ka tó pọ̀ ti yọ GRE kúrò, àwọn kan ní bó bá wù yín kẹ́ẹ fi ránṣẹ́, àwọn kan ò tiẹ̀ fẹ́ rí i, àwọn míì sì ti dá a padà. Nínú yunifásítì kan ṣoṣo, Economics lè sọ pé ó pọn dandan kí ẹ̀ka Public Health má bèèrè ẹ̀ rárá. Tí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ò bá yé yín, ẹ fi email ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bójú tó ìgbaniwọlé ẹ̀ka yẹn, wọ́n máa ń dáhùn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé àròpọ̀ nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n á ní "310 ni mo ní, wọ́n ní 315 ló dáa". Ẹ tú u palẹ̀. Láti 130 dé 170 ni Verbal, bẹ́ẹ̀ náà ni Quant, Writing bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 6, ìdajì-ìdajì ló ń gòkè. Ẹni tó ní Quant 165 àti Verbal 145, 310 ló ní, ẹni tó ní Quant 152 àti Verbal 158, 310 lòun náà ní, ṣùgbọ́n ẹ̀ka Electrical Engineering ò ní fi ojú kan náà wo àwọn méjèèjì. Ẹ tún mọ̀ pé 160 nínú Verbal ò dọ́gba pẹ̀lú 160 nínú Quant tí wọ́n bá fi yín wé gbogbo àwọn tó kọ ọ́, torí àwọn tó ń gba máàkì gíga pọ̀ gan-an nínú Quant. Nítorí náà percentile, ìyẹn iye èèyàn nínú ọgọ́rùn-ún tí máàkì yín ju tiwọn lọ, ni kẹ́ẹ wò pẹ̀lú máàkì.

Kẹ́ẹ mọ̀ pé ẹ ti parí ìgbésẹ̀ yìí: ẹ kọ orúkọ gbogbo ilé ìwé tẹ́ẹ fẹ́ sórí ìwé, níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ kọ "dandan", "bó bá wù yín" tàbí "wọn ò fẹ́", ẹ wá kọ máàkì tẹ́ẹ ń wá sí i, Verbal lọ́tọ̀, Quant lọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ ilé ìwé kan péré ló ní dandan, ẹ rò ó dáadáa o, owó tẹ́ẹ fẹ́ fi tún un kọ yẹn lè ra fọ́ọ̀mù ilé ìwé méjì míì.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ka ọjọ́ láti ẹ̀yìn wá

Òfin ETS ni pé ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdánwò kan sí ìkejì, ẹ ò sì lè kọ ju ìgbà márùn-ún lọ láàárín oṣù méjìlá. Ìgbà tẹ́ẹ kọ ọ́ tẹ́ẹ wá fagi lé máàkì ẹ̀ wà nínú márùn-ún yẹn. Máàkì gidi máa ń jáde láàárín ọjọ́ 8 sí 10, ọdún márùn-ún ló sì fi ń ṣiṣẹ́.

Ká ní December 1 ni ilé ìwé yín máa ti fọ́ọ̀mù, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka tó ń fúnni lówó ẹ̀kọ́ ló máa ń tì í ní December. Ẹ mú October 20 fún àtúnkọ. Máàkì á jáde tó bá pẹ́ jù ní October 30. Tí kò bá tún dáa, ẹ lè kọ ọ́ ní November 11, tìyẹn náà á jáde kó tó di November 22, ẹ ṣì ní ọ̀sẹ̀ kan tí ilé ìwé fi máa rí i gbà. Ẹni tó bá mú November 20 fún àtúnkọ ti ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ ara ẹ̀, tí iná bá lọ tàbí tí ibà bá kọ lù ú lọ́jọ́ yẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ má tìtorí pé inú ń bí yín kẹ́ẹ mú ọjọ́ kejìlélógún tó kọ́kọ́ ṣí sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò tó láti tún nǹkan tó bàjẹ́ ṣe, àfi tó bá jẹ́ àìsàn tàbí wàhálà sẹ́ńtà ló ba ti àkọ́kọ́ jẹ́.

Orúkọ tẹ́ẹ máa fi forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti pásípọ́ọ̀tù mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹ̀ ń rí i, àwa tá a ní orúkọ mẹ́ta mẹ́rin, ìwé ẹ̀rí WAEC ń pe ọ̀kan, NIN ń pe òmíì, pásípọ́ọ̀tù ń pe ẹ̀kẹta. Ti pásípọ́ọ̀tù ni kẹ́ẹ lò, kẹ́ẹ fi orúkọ ìdílé síbi tí wọ́n ti bèèrè surname. Tí ọjọ́ ò bá sì rọ̀ yín lọ́rùn mọ́, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́rin kó tó pé ni kẹ́ẹ ti yí i padà, owó díẹ̀ wà lórí ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn gbogbo owó ti wọmi nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá ibi tó ti jò

Ẹ má tíì ṣí ìwé. Ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ẹ rántí nípa ọjọ́ ìdánwò yẹn sílẹ̀: abala wo ni àkókò ti tán mọ́ yín lọ́wọ́? Ìbéèrè mélòó lẹ kàn fi ojú dá? Ṣé abala kejì rọrùn ju àkọ́kọ́ lọ ni àbí ó le jù ú lọ?

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Abala méjì ni Verbal ní, abala méjì ni Quant náà ní, bẹ́ẹ bá ṣe ṣe nínú àkọ́kọ́ ni kọ̀ǹpútà fi máa mọ bí ìkejì ṣe máa le tó. Nítorí náà tí abala kejì bá rọ̀ yín lọ́rùn tí máàkì wá jáde tó kéré, abala àkọ́kọ́ ló jò, ìbéèrè tí ò le púpọ̀ lẹ sọnù. Tí abala kejì bá le bí òkúta tí àkókò sì tán, ẹ ṣe dáadáa nínú àkọ́kọ́, ìyára àti ìbéèrè tó le ló kù. Ìwòsàn àwọn méjèèjì ò jọra rárá.

Lẹ́yìn náà ẹ ṣe POWERPREP kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ní ìjókòó kan, wákàtí kan ìṣẹ́jú 58, láì dìde, fóònù wà ní yàrá kejì. Tẹ́ẹ bá ti lo méjèèjì kẹ́ẹ tó kọ ti àkọ́kọ́, ẹ má gba máàkì tó bá gbé jáde gbọ́, ẹ ti rí ìbéèrè yẹn rí. Ẹ ra ọ̀kan nínú POWERPREP PLUS, tàbí kẹ́ẹ lo abala tẹ́ẹ ò tíì fọwọ́ kàn nínú ìwé ETS pẹ̀lú aago.

Gbogbo ìbéèrè tẹ́ẹ bá ṣì, ẹ fi lẹ́tà kan sí i:

A: mi ò mọ ohun tí wọ́n ń béèrè rárá.
B: mo mọ̀ ọ́n, mi ò ka ìbéèrè dáadáa.
D: àkókò ló tán.
E: mo ti mú èyí tó tọ́, mo wá yí i padà.

Ẹ ṣírò wọn. Ohun tí mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ̀ wá bá mi ni pé B pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, wọ́n sì ti fẹ́ lọ fi oṣù méjì wo A sàn. Tẹ́ẹ bá lè sọ ní gbólóhùn kan ibi tí máàkì yín ti sọnù, bí àpẹẹrẹ "Quant abala kìíní, mò ń kánjú ka ìbéèrè tó ní percent àti ratio", ẹ lè tẹ̀ síwájú. Tó bá jẹ́ "Verbal ni mi ò mọ̀" lẹ ṣì ń sọ, ẹ padà sídìí ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìwé àṣìṣe

Iṣẹ́ tó wà nídìí àtúnkọ gan-an nìyí, òun sì làwọn èèyàn máa ń fò torí pé kò dùn ún ṣe. Fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tẹ́ẹ ṣì, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin: ìbéèrè náà ní ṣókí, ohun tẹ́ẹ mú àti ìdí tẹ́ẹ fi mú un, lẹ́tà A, B, D tàbí E, àti ohun tẹ́ẹ máa ṣe nígbà míì. Ó lè rí báyìí:

"Owó ọjà fi 20% gòkè, ó tún fi 20% wálẹ̀. Mo ní ó padà síbi tó wà. B. Mi ò wò ó pé orí owó tuntun ni wọ́n ti yọ 20% kejì. Tí percent bá ti ju ẹyọ kan lọ, màá fi 100 bẹ̀rẹ̀: 100 di 120, 120 di 96."

Ẹ rí i pé "ohun tí mo máa ṣe" yẹn jẹ́ nǹkan tí ọwọ́ lè ṣe. "Màá túbọ̀ fara balẹ̀" ò jẹ́ nǹkan kan, kò sẹ́ni tó ń rántí ẹ̀ nínú ìdánwò.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni kéèyàn máa da ìdáhùn kọ, pẹ̀lú bírò aláwọ̀ mẹ́ta, kó rẹwà, kó sì má padà wò ó mọ́. Ẹ pa ìdáhùn dé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ẹ tún ìbéèrè yẹn ṣe látorí òfo, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ẹ tún un ṣe. Èyí tẹ́ẹ bá gbà lẹ́ẹ̀mejì yẹn láì yọjú wo ìdáhùn, ẹ fàlà sí i, ó ti tán. Èyí tẹ́ẹ bá ṣì ń ṣì, ó ṣì wà lọ́rùn yín.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ka gbogbo lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Iye B gbọ́dọ̀ ti wálẹ̀. Tí kò bá wálẹ̀, ẹ má fi ìbéèrè tuntun kún un, ìbéèrè díẹ̀ ni kẹ́ẹ ṣe lójúmọ́ pẹ̀lú àkókò tó gùn, títí ojú á fi mọ́ kíkà.

Ìgbésẹ̀ 5: Quant

Ìṣirò sẹ́kọ́ńdírì ni, kò sí calculus, kò sí trigonometry. Ìdí nìyẹn táwọn tó ka ẹ́ńjínnìa fi máa ń fojú di í tí wọ́n á wá gba 155. Ohun tí wọ́n ń dán wò ni bóyá ẹ máa rí ìdẹkùn tí wọ́n dẹ sílẹ̀.

Ẹ wo Quantitative Comparison. Wọ́n á fún yín ní Quantity A àti Quantity B, ẹ máa sọ èyí tó tóbi jù, tàbí pé wọ́n dọ́gba, tàbí pé ohun tí wọ́n fún yín ò tó láti mọ̀. Ká ní A jẹ́ x², B jẹ́ x, wọn ò sì sọ nǹkan kan nípa x. Ọ̀pọ̀ á fi 2 dán an wò, á fi 3, á ní A ló tóbi, á kọjá lọ. Ẹ fi 1 sí i, wọ́n dọ́gba. Ẹ fi 1/2 sí i, B ló wá tóbi. Ìdáhùn ni pé a ò lè mọ̀. Nítorí náà gbogbo ìgbà tí lẹ́tà bá wà níbẹ̀ tí wọn ò dè é mọ́lẹ̀, ẹ dán 0, 1, 1/2, -1 àti nọ́ńbà ńlá kan wò kẹ́ẹ tó tẹ nǹkan kan. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ tó bá ti mọ́ yín lára.

Àwọn ibòmíì tí máàkì ti ń bọ́:

Àwòrán geometry kì í ṣe èyí tẹ́ẹ lè fojú wọ̀n, wọn ò ṣèlérí pé wọ́n yà á bó ṣe rí gan-an, igun tó dà bí 90 lójú lè jẹ́ 85. Ṣùgbọ́n graph àti àwòrán orí coordinate, ẹ lè gba àwọn yẹn gbọ́.

Numeric Entry, níbi tẹ́ẹ ti máa tẹ ìdáhùn fúnra yín, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ àpótí yẹn: tí àmì % bá wà níbẹ̀, 45 lẹ máa tẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ tẹ 0.45. Ìbéèrè tó ní kẹ́ẹ mú gbogbo èyí tó tọ́, tẹ́ẹ bá mú méjì nínú mẹ́ta, òfo ni, wọn kì í fúnni ní ìdajì.

Calculator wà lójú kọ̀ǹpútà, àmọ́ ó máa ń fa èèyàn sẹ́yìn. Ẹni tó ń fi calculator ṣe 25% ti 80 ti pàdánù àkókò.

Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ wa ò lágbára nínú ẹ̀ ni data analysis: standard deviation, percentile, probability, àti kíka ọ̀nà tí nǹkan lè gbà tò. Ẹni tí ò ṣe Further Maths, ẹ fún ìyẹn ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ẹ mọ̀ pé Quant ti ń dáa sí i tẹ́ẹ bá mú abala kan tó ní ìbéèrè 12, tẹ́ẹ parí ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 21, tẹ́ẹ ṣì gba 10 ó kéré tán, ní ìgbà mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgbà kan ò tó, ó lè jẹ́ oríire.

Ìgbésẹ̀ 6: Verbal

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ há ọ̀rọ̀ 3,000 sórí. Mo ti rí ẹni tó há a tó sì wà níbi tó wà. Ọ̀rọ̀ tẹ́ẹ bá pàdé nínú ìbéèrè tẹ́ẹ ṣì ni kẹ́ẹ fi bẹ̀rẹ̀, mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́, ẹ kọ gbólóhùn tí wọ́n ti lò ó síbẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ kékeré tẹ́ẹ rò pé ẹ mọ̀. "Arrest" tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ ọlọ́pàá, nínú GRE ó lè jẹ́ kí wọ́n dá nǹkan dúró. "Qualify" lè jẹ́ kí wọ́n dín agbára ọ̀rọ̀ kan kù. "Flag" lè jẹ́ kó rẹ èèyàn. Irú wọn ló máa ń mú ẹni tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì dáadáa.

Fún Text Completion àti Sentence Equivalence, ẹ fi ọwọ́ bo àwọn ìdáhùn, ẹ ka gbólóhùn yẹn, ẹ wá ọ̀rọ̀ tó ń yí ọ̀nà padà, although, despite, hence, ẹ fi ọ̀rọ̀ tiyín dí àlàfo yẹn, ní Yorùbá pàápàá tó bá wù yín, kẹ́ẹ tó wá ṣí ìdáhùn wò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo ìdáhùn, àwọn ọ̀rọ̀ yẹn á fà á lọ. Méjì ni wọ́n ń mú nínú mẹ́fà ní Sentence Equivalence, ìdẹkùn ibẹ̀ ni pé wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ méjì tó jọra síbẹ̀ tí kò bá gbólóhùn náà mu rárá. Tẹ́ẹ bá mú ẹyọ kan tó tọ́ àti ẹyọ kan tí ò tọ́, òfo ni.

Reading Comprehension, ẹ gbé gbogbo ohun tẹ́ẹ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Bó jẹ́ pé ìṣègùn lẹ kà ní yunifásítì tí àyọkà sì ń sọ̀rọ̀ nípa àrùn, ohun tó wà nínú àyọkà nìkan lẹ máa lò. Ìdáhùn tó bá ní always, never tàbí only nínú, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́: fún gbogbo ìdáhùn tẹ́ẹ mú nínú Reading, ẹ lè fi ìka tọ́ ìlà tó sọ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ẹ ò bá rí ìlà kankan fi ìka tọ́, ẹ fi ojú dá a ni, kódà bó bá tiẹ̀ tọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ 7: Writing

Èyí ò ní gùn. Àròkọ kan ni, ìṣẹ́jú 30, òun ló máa ń ṣáájú. ETS ti kó gbogbo àkòrí tó lè jáde síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ kà á. Ohun tó ń pa èèyàn lára níbẹ̀ ni ìtọ́ni tó wà lábẹ́ àkòrí: àwọn kan ní kẹ́ẹ sọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà lè má rí bẹ́ẹ̀, àwọn kan ní kẹ́ẹ dá èrò méjèèjì lóhùn, ẹni tó bá kàn kọ "mo gbà" tàbí "mi ò gbà" ò dáhùn ìbéèrè. Kọ̀ǹpútà yẹn ò ní ṣe àtúnṣe sípẹ́lì fún yín. Ìṣẹ́jú márùn-ún fún èrò, ogún fún kíkọ, márùn-ún fún kíkà á wò. Tẹ́ẹ bá ti ní 4.0 nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀ka yín ò sì bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ méjì péré fi dánra wò kẹ́ẹ gbé wákàtí tó kù lọ síbi tó ti jò.

Ìgbésẹ̀ 8: Aago

Láti September 2023 ni GRE ti kúrú, ìwé àtijọ́ á sọ àkókò míì fún yín, ẹ má tẹ̀ lé e. Verbal abala kìíní, ìbéèrè 12 ní ìṣẹ́jú 18, ìkejì 15 ní ìṣẹ́jú 23. Quant abala kìíní, 12 ní ìṣẹ́jú 21, ìkejì 15 ní ìṣẹ́jú 26. Kò sí ìsinmi láàárín.

Ẹ lè fo ìbéèrè, kẹ́ẹ sàmì sí i, kẹ́ẹ padà, níwọ̀n ìgbà tẹ́ẹ bá ṣì wà nínú abala yẹn. Ẹ lò ó. Ìpele àkọ́kọ́, ẹ ṣe gbogbo èyí tó rọrùn, èyí tó bá ti fẹ́ kọjá ìṣẹ́jú méjì ẹ mú ìdáhùn kan, ẹ sàmì sí i, ẹ máa lọ. Ìpele kejì, ẹ padà sí àwọn tẹ́ẹ sàmì sí. Wọn kì í yọ máàkì fún èyí tẹ́ẹ bá ṣì, nítorí náà ẹ má fi àlàfo kankan sílẹ̀.

Ohun tó ń pa àwọn tó ń tún un kọ lára jù ni agídí: "mo mọ irú ìbéèrè yìí, mi ò ní fi í sílẹ̀". Ìṣẹ́jú mẹ́rin á lọ lórí ẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta tó rọrùn ń dúró lẹ́yìn. Nígbà tí abala kejì bá sì le, ẹ má jáyà, ẹ ṣe dáadáa nínú àkọ́kọ́ ni.

Bí ọjọ́ mẹ́wàá kó tó pé, ẹ ṣe POWERPREP kejì, ní wákàtí kan náà tẹ́ẹ máa kọ ìdánwò. Tó bá dé máàkì tẹ́ẹ kọ sílẹ̀ tàbí tó ku ẹyọ kan méjì, ẹ lọ kọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé ó ṣì wà níbi ti àkọ́kọ́, ẹ sún ọjọ́ síwájú nígbà tó ṣì ṣe é ṣe, owó ìsúnsíwájú ò tó owó ìdánwò òfo.

Ìgbésẹ̀ 9: Ọjọ́ ìdánwò àti máàkì

Tó bá jẹ́ sẹ́ńtà Èkó tẹ́ẹ sì ń bọ̀ láti Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ sùn sí Èkó mọ́jú. Ẹ má fi go-slow Third Mainland Bridge dán orí yín wò.

Tó bá jẹ́ ilé lẹ ti fẹ́ kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò kọ̀ǹpútà lórí wẹ́ẹ̀bù ETS. Windows tàbí Mac, tábílẹ́ẹ̀tì ò lè ṣe é. Ẹ̀yin nìkan nínú yàrá, ilẹ̀kùn ní títì, kámẹ́rà lórí. Wọn ò gbà kẹ́ẹ lo earphone, wọn ò sì gbà kẹ́ẹ ṣírò lórí ìwé lásán: pátákó funfun kékeré tó ṣeé nù, tàbí ìwé tẹ́ẹ fi sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, pẹ̀lú máákà tó ṣeé nù. Iná ńkọ́? Ínfátà tó ti kún, íntánẹ́ẹ̀tì méjì láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó yàtọ̀, kẹ́ẹ sì ti bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀. Tí ilé yín bá jẹ́ ibi tí èrò ti ń wọlé tó ń jáde, ẹ lọ sí sẹ́ńtà.

Ẹ má gba expo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnì kankan sọ pé òun máa bá yín kọ ọ́. ETS lè fagi lé máàkì yín lẹ́yìn tó ti jáde.

Nígbà tẹ́ẹ bá parí, kọ̀ǹpútà á bi yín bóyá kí wọ́n ka máàkì sí tàbí kí wọ́n fagi lé e, kẹ́ẹ tó rí i. Ẹ má fagi lé e nítorí ìbẹ̀rù. ScoreSelect wà, ẹ̀yin lẹ máa yan èyí tí ilé ìwé máa rí, máàkì tẹ́ẹ ò fi ránṣẹ́ ò lè pa yín lára. Ẹni tó bá fagi lé e ò ní rí i, tó bá wá fẹ́ kí wọ́n dá a padà, ó máa sanwó, kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 60 lọ.

Ilé ìwé mẹ́rin lẹ lè fi ránṣẹ́ sí lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, Most Recent tàbí All. Tí tuntun bá ju ti àtijọ́ lọ, Most Recent ni kẹ́ẹ mú. Tẹ́ẹ bá fẹ́ yan ọjọ́ kan pàtó, ó di lẹ́yìn ọjọ́ ìdánwò, ẹ máa sanwó lórí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò lè mú Quant ti òní kẹ́ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ Verbal ti àkọ́kọ́, odindi ọjọ́ kan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Àwọn ilé ìwé kan máa ń mú èyí tó ga jù nínú ìkọ̀ọ̀kan fúnra wọn, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tiyín, All ló dáa.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wọ portal ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ wò ó bóyá máàkì ti dé, pé orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí ẹ̀ bá ti fọ́ọ̀mù yín mu. Èyí tí kò bá tíì hàn, ẹ fi email ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé wọn, ẹ kọ registration number àti ọjọ́ tẹ́ẹ kọ ìdánwò sí i, kẹ́ẹ so ẹ̀dà máàkì tẹ́ẹ gbà láti inú àkáǹtì ETS mọ́ ọn.